Màmá Àgbà àti Àáró Ilé-Ìwé Mẹ́rin

Mi ò ní purọ́ mọ́ òkú. Oníjà ni ìyá àgbà mi. Nígbà tí a kírun sí i lára tán, tí Lèmọ́ọ̀mù dìde tó ní Alhaja Rìsíkátù Morádékẹ́ jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tí kò gbóhùn sókè sí ẹnikẹ́ni rí, ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìn. Ẹlòmíràn náà húkọ́. Kí a tó mọ̀, ikọ́ ti gba gbogbo ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí kan. Mo wo Mọ́mì, ìyá mi, mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ló ń sun. Ẹ̀rín ló ń rín.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Ọmọ alápatà ni, ará Ìkìrun. Kí ó tó mọ ìwé kà ni ó ti mọ ibi tí ènìyàn ń ki ọ̀bẹ bọ̀ kí oríkèé màlúù lè tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, ara ènìyàn ló lọ kọ́, egungun àti iṣan àti ẹ̀jẹ̀, títí ó fi gba oyè dókítà, ohun kan náà ló sì fi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ títí gbogbo orí rẹ̀ fi funfun. Kò ga. Bó bá ń rìn, àyà ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Rogers Park ní Ṣikágò ni a jọ ń gbé, èmi, òun àti Mọ́mì. Yàrá kan náà ni èmi àti òun ń sùn láti kékeré mi, lábẹ́ àwòrán ńlá kan tó fi gbogbo egungun ara hàn. Bí àsìkò ìrun Àsùbáà bá tó, kì í pè mí. Oríkèé ìka ló fi máa ń lù mí lórí. Bí mo bá pariwo, á ní: "Dìde, Àṣàkẹ́. Orí tó ń dun èèyàn, ó wà láàyè."

Ọkùnrin kan wà lókè wa nígbà tí mo ṣì wà ní ilé-ìwé girama. Ó máa ń lu ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday, bí ẹni pé iṣẹ́ ilé ni. Gbogbo ilé ló ń gbọ́. Àwọn aládùúgbò á yí ohùn tẹlifíṣọ̀n wọn sókè. Lọ́jọ́ kan, Màmá Àgbà ń gún iyán lọ́wọ́ nígbà tí igbe náà bẹ̀rẹ̀. Ó yọ ọmọ odó, iyán ṣì lẹ̀ mọ́ igi náà, ó gba orí àkàsọ̀ lọ. Mo sáré tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà ṣí ilẹ̀kùn, kò tíì sọ̀rọ̀ tí ọmọ odó fi ba férémù ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, tí igi fọ́ wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Màmá Àgbà wá ń ka egungun ojú rẹ̀ fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn tó fi ń kọ́ni ní kíláàsì. Ó sọ èyí tí òun máa kọ́kọ́ fọ́, ó sọ èyí tí dókítà lè tò padà, ó sì sọ èyí tí kò sí dókítà tó lè tò ó. Ìyàwó náà ń ṣẹ̀jẹ̀ nímú lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Màmá Àgbà nawọ́ sí i, ó mú un sọ̀kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa.

Ọkùnrin náà ló pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá dé, ó bá ìyá arúgbó kan tó wé ìbòrí, tó ń gún iyán rẹ̀ lọ. Ó bi í pé ṣé lóòótọ́ ló fi ikú halẹ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀. Màmá Àgbà kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Olùkọ́ ni mí," ni ó wí. "Ẹ̀kọ́ ni mo kọ́ ọ."

Kì í ṣe gbogbo ìjà rẹ̀ ló ṣeé fi yangàn. Mọ́mì ní àpá kan lókè ojú òsì, níbi tí ṣíbí ìrokà ti bà á nígbà tó wà lọ́mọge, tó sọ pé òun kò fẹ́ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó padà ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà. Àpá náà kò lọ. Mo bi Màmá Àgbà léèrè nípa rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà. Ó ṣa òkúta kan jù nù. Ó ní: "Bí wọ́n ṣe lù mí ni mo ṣe lù ú. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ nílé baba mi, èyí nìkan ni ó yẹ kí n gbàgbé."

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa, àfi kó mọ àáró.

Ilé-ìwé gíga tó gbà á nígbà tó wá láti ilé, ìlú kékeré kan ló wà ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn dúdú ló fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn funfun kò jẹ́ kí ọmọ wọn wọ tiwọn. Irú àwọn ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì lówó. Lábù kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Ìyáàfin Bẹ́síì, obìnrin dúdú tó ga bí ọ̀pẹ, ló ń bójú tó o. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin funfun kan wa ọkọ̀ ẹlẹ́rù kọjá, wọ́n ju ìgò epo tí wọ́n ti tiná bọ̀ gba ojú fèrèsé lábù náà wọlé. Iná sọ. Màmá Àgbà àti olùkọ́ rẹ̀ wọnú èéfín lọ, wọ́n ń gbé awò tí wọ́n fi ń wo kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí jáde. Àwọn ọkùnrin náà kò sá. Òdìkejì títì ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ òkúta lu ẹni tó bá ń pọn omi. Òkúta kan ba Ìyáàfin Bẹ́síì lójú. Ojú náà fọ́. Màmá Àgbà ní òun gbọ́ bó ṣe fọ́, pé bí ẹni tẹ ẹyin mọ́lẹ̀ ni.

Kò pẹ́ tí ilé-ìwé àwọn dúdú mìíràn, tó jìnnà díẹ̀ sí tiwọn, fi rán bọ́ọ̀sì wá. Wọ́n ní kí wọ́n máa bọ̀ wá lo lábù àwọn títí wọn yóò fi rí òmíràn kọ́. Ìyáàfin Bẹ́síì wọ bọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú báńdéèjì lójú, ó kọ́ kíláàsì méjèèjì pọ̀. Ilé-ìwé ti Màmá Àgbà náà ní ilé ìkàwé tó dára, wọ́n ní kí àwọn tó yá wọn ní lábù wá máa kàwé níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé kẹta dara pọ̀ mọ́ wọn. Nígbà tí Màmá Àgbà di olùkọ́ ní Ṣikágò, ní ilé-ìwé kékeré tí àwọn dúdú dá sílẹ̀ níhìn-ín, òun ló fa ìkẹrin wọlé. Wọ́n ní orúkọ gígùn tí wọ́n ń kọ sára bébà. Àáró ni Màmá Àgbà ń pè é, bí àwọn àgbẹ̀ ṣe máa ń ro oko ara wọn kiri, lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ. Èyí ní lábù, èyí ní ìwé, Ṣikágò ní àwọn ilé ìwòsàn tí ọmọ lè ti fi ojú rí iṣẹ́. Àwọn olùkọ́ ń wọ ọkọ̀ láti ọ̀kan lọ sí èkejì. Ọmọ tó bá wọ ọ̀kan ti wọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iṣẹ́ tó bá sì ti ṣe níbì kan kò ní ṣòfò níbòmíràn.

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé kí ló dé tí ó fi ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu báyìí, èsì kan náà ló máa ń fún un: "Ẹni tí wọ́n jó ilé ìdáná rẹ̀ kò ní torí ẹ̀ pa ebi mọ́nú. Ilé aládùúgbò ni yóò ti se ọbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ Homewood ni mo fẹ́ sọ báyìí. Èmi ni mo wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, mo ti wọ yunifásítì nígbà yẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní kíláàsì Màmá Àgbà tó ń jẹ́ Málíkì, ọmọ South Side, ìhà gúúsù Ṣikágò. Ìyá rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì. Ó mọ̀wé débi pé Màmá Àgbà máa ń bínú sí i bó bá gba àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Mọ̀lẹ́bí Málíkì kan ni wọ́n ní ó yìnbọn pa ènìyàn ládùúgbò wọn, ó sì ti sá lọ. Àwọn tí wọ́n pa ènìyàn wọn wá a títí, wọn kò rí i, wọ́n bá ní kí wọ́n pa ẹni tó bá a tan. Wọ́n yìnbọn lu fèrèsé ìyá Málíkì. Ọta ìbọn fọ́ abọ́ lórí tábìlì tí wọ́n ti ń jẹun. Màmá Àgbà lọ gbé Málíkì wá sílé wa ní Rogers Park, orí àga pálọ̀ ló ń sùn. Ó ti ṣètò pé kí ó tètè lọ sí ilé-ìwé tó ní lábù lọ́hùn-ún, ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè, nítorí ẹni tó wọ ọ̀kan ti wọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní kí a má lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin tó wà láàárín ìlú, pé wọ́n lè máa ṣọ́ ọ níbẹ̀. Homewood, ìlú kékeré tó wà lẹ́yìn Ṣikágò, ni kí a ti fi í wọ ọkọ̀.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé Málíkì ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dágbére lórí fóònù, ọ̀rẹ́ náà sì ti sọ fún ẹlòmíràn.

Ọ̀sán ni. Oòrùn wà, òtútù sì wà. A dúró lórí pèpéle, a ń retí ọkọ̀. Màmá Àgbà fi báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ìwé nípa ara ènìyàn wúwo nínú rẹ̀, ó fẹ́ fi fún Málíkì kó tó wọlé. Ni ẹnì kan bá pe "Málíkì!" lẹ́yìn wa. A yíjú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó rù, tó wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú, na ìbọn sí wa. Curtis ni orúkọ rẹ̀. Kọ́tìsì ni Màmá Àgbà padà ń pè é, ohun tí èmi náà yóò sì máa pè é nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n pa.

Málíkì gan dúró. Èmi náà gan. Màmá Àgbà nìkan ló rìn, kò sì rìn sẹ́yìn. Ó kọjú sí ìbọn. Bí inú bá ń bí i, Yorùbá nìkan ló máa ń sọ, ó sì ń pariwo rẹ̀ lọ: "Ta ni ìyá ẹ? Ta ló bí ẹ tó fi nǹkan yẹn lé ẹ lọ́wọ́?" Ọmọ náà kò gbọ́ kankan nínú rẹ̀. Ó ní kí ó yà fún òun. Màmá Àgbà na báàgì náà lé e lójú. Imú rẹ̀ fọ́, ẹ̀jẹ̀ tú jáde. Ìbọn dún.

Apá òsì ló bà á. Mo rí i tí apá náà ṣẹ́ níbi tí apá kì í ti í ṣẹ́. Ó ṣubú. Bó ti ń ṣubú ni ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ọrùn ẹsẹ̀ Kọ́tìsì mú, ó fà á, ọmọ náà fi orí lélẹ̀ gbì. Ìbọn yọ̀ lórí pèpéle lọ bá ẹsẹ̀ Málíkì.

Málíkì mú un. Kí n tó mí, ó ti fi orúnkún kan Kọ́tìsì láyà, ó ti fi ẹnu ìbọn sí i níwájú orí. Kọ́tìsì ń sunkún, ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀ ń wọ ẹnu rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Àwọn èrò tó kù ti sá.

"Málíkì, gbé e sílẹ̀," ni Màmá Àgbà wí láti ilẹ̀. Ó ti padà sí èdè òyìnbó.

"Yóò padà wá, Dókítà! Ẹ mọ̀ pé yóò padà wá! Ẹ wo ohun tó ṣe yín!"

"Mo rí i. Apá mi ni. Gbé e sílẹ̀."

"Yóò pa mí ni!"

Mo rí ìka Málíkì lórí ìbọn náà. Màmá Àgbà rí i pẹ̀lú. Ó fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn, ẹ̀jẹ̀ ń fà lẹ́yìn rẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi dọ́gba pẹ̀lú ti Kọ́tìsì lórí ilẹ̀. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí Málíkì ṣì máa ń sọ fún mi bó bá pè mí lórí fóònù: "Bí o bá yìn ín, ẹni méjì ni mo pàdánù lórí pèpéle yìí."

Málíkì ju ìbọn náà sí ojú irin. Ọlọ́pàá dé. Lọ́jọ́ kejì ni Málíkì wọ ọkọ̀, bàtà rẹ̀ ṣì ní ẹ̀jẹ̀ Màmá Àgbà.

Wọ́n fi irin di egungun apá náà, ó jinná. Iṣan tó ń gbé ọrùn ọwọ́ sókè ti já, ìyẹn kò jinná. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ń rọ̀ sílẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Mọ́mì fún un lóúnjẹ, ó wẹ̀ ẹ́, ó sì ń ṣépè fún Kọ́tìsì láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tí ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́, Màmá Àgbà sọ ohun gbogbo, kò fi ẹyọ kan pamọ́. Adájọ́ bi í bóyá ó ní ọ̀rọ̀ àánú kan láti sọ kí òun tó dájọ́. Ó ní: "Ẹ fún un ní ohun tí òfin bá sọ. Mi ò bá a bẹ̀bẹ̀." Ẹ̀wọ̀n ọdún púpọ̀ ni wọ́n fún un.

Nítorí náà, ó yà mí lẹ́nu nígbà tó ní kí n wa òun lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́n mú Kọ́tìsì jáde sí yàrá àlejò. Nígbà tó rí ẹni tó wá wò ó, ó fẹ́ padà. Màmá Àgbà ní kí ó jókòó. Ó fa apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gbé apá náà lé orí tábìlì láàárín wọn, àpá rẹ̀ pọ́n, ó sì ṣe kókó.

"Kí ni orúkọ egungun tí o ṣẹ́ yìí?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Iṣan tí o já ńkọ́?"

Kọ́tìsì mi orí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Màmá Àgbà kò ya ojú sí omi náà rárá. Ó kọ orúkọ méjèèjì sí ẹ̀yìn bébà kan, ó tì í sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní: "Ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tó bà jẹ́, kò ní pẹ́ ba òmíràn jẹ́."

Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dá ọmọ náà sílẹ̀. Kọ́tìsì ti mọ gbogbo egungun ara nígbà yẹn. Màmá Àgbà ní ó tó kí ó wọ ilé-ìwé.

Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ nílé wa lọ́jọ́ náà, n kò rí irú rẹ̀ rí. Mọ́mì fọ́ àwo. Màmá Àgbà fọ́ tirẹ̀ náà. "Màámi, ẹni tó fẹ́ pa yín! Ẹni tí mo ń torí ẹ̀ fọ aṣọ yín, tí mo ń torí ẹ̀ gé ẹran fún yín bí ọmọdé! Ẹ ti wá dárí jì í nìyẹn?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Kí wá ni ẹ ń ṣe?"

"Mi ò dárí jì í, Folúkẹ́. Mo ní kó kàwé."

Mọ́mì búra pé bí òun bá fojú kan ọmọ náà, òun ni wọn yóò gbé lọ sẹ́wọ̀n.

Kí Màmá Àgbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú àwọn olórí ilé-ìwé náà, Málíkì ló kọ́kọ́ bi. Málíkì ní òun kò ní dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ rí ojú ẹ̀. Màmá Àgbà ní kò ní rí i. Ilé-ìwé tí Málíkì wà, tó ti wá ń kọ́ni níbẹ̀ báyìí, di èèwọ̀ fún Kọ́tìsì. Ó ku mẹ́ta.

Àwọn olórí ilé-ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé ní Ṣikágò. Èyí tó lágbára jù nínú wọn ni Dókítà Họ́lówè, ọkùnrin dúdú tó máa ń wọ táì ṣẹ́ńkẹ́, baba rẹ̀ náà ti jẹ́ olórí ilé-ìwé yẹn rí. Ó ní àwọn ènìyàn ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi ti àwọn ilé-ìwé yìí pa, pé láìpẹ́ yìí ni ẹnì kan tún pe fóònù pé òun ti ri bọ́ǹbù mọ́ ọgbà àwọn, àwọn ọmọ sì sùn síta. Ó ní ṣé ọlọ́ṣà àti apànìyàn ló kù tí àwọn yóò fi ọwọ́ ara àwọn kó wọlé? Ó ní: "Àáró yín yìí kì í ṣe ààtàn."

Jọ́ọ̀gì omi tó wà níwájú Màmá Àgbà, onígíláàsì ni. Ó gbé e, ó là á mọ́ tábìlì. Àfọ́kù fò káàkiri, ọ̀kan ya àtẹ́lẹwọ́ Dókítà Họ́lówè. Gbogbo wọn dìde. Màmá Àgbà rìn yí tábìlì ká, ó gba ọwọ́ ọkùnrin náà, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó dára yọ àfọ́kù náà, ó fi ìbòrí rẹ̀ di ojú ọgbẹ́ náà. Kò dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró ní gbogbo ìgbà tó ń ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn olórí náà ló padà sọ fún mi pé ohun tó sọ gbẹ̀yìn ni: "Ẹ̀jẹ̀ rẹ pupa bíi ti Kọ́tìsì. Ṣé kí n tún wo ti ẹlòmíràn?"

Àwọn yòókù gbà. Dókítà Họ́lówè ní Kọ́tìsì kò ní fi ẹsẹ̀ wọ ọgbà òun.

Bí ìtàn ni mo bá ń pa, ǹ bá ní Kọ́tìsì wọlé, ó jókòó, ó kàwé yanjú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ṣikágò, ọmọ kan pè é ní apààyàn nínú ilé oúnjẹ, ó fọ́ àgbọ̀n ọmọ náà. Wọ́n lé e. Màmá Àgbà lọ gbá a létí gbuà níwájú gbogbo ènìyàn, lẹ́yìn náà ó fi í ránṣẹ́ sí ilé-ìwé kejì pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe. Níbẹ̀, ó bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà jà, ehín rẹ̀ méjì sì ká. Wọ́n lé e. Ó pe Màmá Àgbà lórí fóònù, mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ó ní kí ó fi òun sílẹ̀, pé òun kì í ṣe èèyàn. Màmá Àgbà ní: "Ta ló bi ẹ́ ní ìyẹn? Ilé-ìwé mẹ́rin la ní. Ó ṣì ku kan."

Ti Dókítà Họ́lówè ló kù.

Màmá Àgbà lọ síbẹ̀. Mo bá a lọ. Ọ́fíìsì ọkùnrin náà mọ́ tónítóní, ó sì kọjú sí odò. Ó rò pé ìjà ni ó tún bá wá, mo rí i tó rọra gbé ife omi rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Màmá Àgbà wò ó. Ó di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú, ó sì kúnlẹ̀. Ìyá àgbà mi, tí kò tẹ orúnkún fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn Ọlọ́run láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kúnlẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Dókítà Họ́lówè sáré yí tábìlì ká láti gbé e dìde, ó rò pé ó ń rẹ̀ ẹ́ ni. Kò dìde. Ó ní kó gba ọmọ òun. Ọkùnrin náà gbà, mo rò pé ìtìjú ló mú un gbà. Nígbà tí a dé inú ọkọ̀, mo bi í bóyá kò dùn ún. Ó nu orúnkún rẹ̀, ó ní: "Apá nìkan ló kán. Orúnkún mi kò ṣe nǹkan kan."

Màmá Àgbà náà gbà láti máa lọ kọ́ni níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọ̀fẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọrùn, mo wà lẹ́yìn kíláàsì. Kọ́tìsì nawọ́ sókè. Ó fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ọrùn ara rẹ̀. Ó ní: "Ibí yìí ni ọta ìbọn ti ba ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ó mọ̀ pé òun ń kú?" Màmá Àgbà rìn dé iwájú rẹ̀. Ó ní rárá, kò mọ̀, kíákíá ni. Kọ́tìsì gbé orí lé tábìlì. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún gbọ́ pé ó bá ẹnikẹ́ni jà.

Nígbà tí a ń padà, Màmá Àgbà kọjú sí fèrèsé ọkọ̀. "Irọ́ ni mo pa fún un, Àṣàkẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni, irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa nínú kíláàsì nìyẹn."

Kọ́tìsì parí. Iṣẹ́ fífi ẹ̀rọ ya àwòrán egungun ló ń ṣe báyìí ní ilé ìwòsàn kan ní South Side, níbi tí wọ́n ń gbé àwọn tí ìbọn bà wá. Dókítà Họ́lówè ti fẹ̀yìn tì. Àáró náà ṣì wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́dọọdún ni ẹnì kan máa ń ní òun fẹ́ yọ ẹsẹ̀.

Nígbà tí àìsàn gbé Màmá Àgbà dè sí ilé ìwòsàn ní Uptown, èmi ni mo pe Kọ́tìsì. N kò sọ fún Mọ́mì. Ó dé lọ́sàn-án, ó ṣí fìlà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Mọ́mì wò ó lẹ́ẹ̀kan, kò bi í pé ta ni. Ó mọ̀ ọ́n láti ilé ẹjọ́.

Mọ́mì fò mọ́ ọn. Ó gbá a létí, ó tún gbá ìkejì, lẹ́yìn náà ó di ẹ̀ṣẹ́, ó ń lù ú láyà, lójú, lọ́rùn, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ̀ láti ṣí. Ètè Kọ́tìsì bẹ́. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kò gbé e sókè. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré dé. "Ìyá mi ló ń di irun mi!" ni Mọ́mì ń kígbe. "Mo ti bímọ tán, ó ṣì ń di irun mi! Láti ọjọ́ yẹn, kò lè dì í mọ́! Kò lè dì í mọ́!"

"Folúkẹ́."

Ohùn Màmá Àgbà ti tinrín. Gbogbo wa yíjú sí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé ó ti tó?"

Mọ́mì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bí kò bá tíì tó, tún lù ú. Mi ò ní dá ẹ lẹ́kun. Ṣùgbọ́n bó bá ti tó, fún un lága."

Mọ́mì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó rìn lọ sí igun yàrá, ó fa àga kan, ẹsẹ̀ àga náà ń ha ilẹ̀. Kò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tiwa. Ó gbé e sí apá òsì bẹ́ẹ̀dì, ó sì padà sí àyè rẹ̀ láìwo ẹnikẹ́ni.

Kọ́tìsì jókòó. Ọwọ́ òsì Màmá Àgbà wà níwájú rẹ̀ lórí aṣọ ìbora, ó rọ̀ sílẹ̀ bó ti ń rọ̀ láti ọjọ́ Homewood. Kọ́tìsì na ọwọ́ sí i, ó fà á sẹ́yìn, ó tún nà á. Ó rọra dì í mú bí ẹni di ẹyin.

Màmá Àgbà kò ṣí ojú. "Ọwọ́ yẹn kò tíì kú," ni ó wí. "Òtútù ló ń mú un. Dì í mú dáadáa."